Dàhọ̀mì tó wà nínú ìwé bàbá àgbà yín, ilẹ̀ wo gan-an ni?

Ẹnì kan láti Ìmẹ̀kọ ló béèrè, mo gé e kúrú díẹ̀. Wọ́n ń tú àpótí bàbá tó bí ìyá wọn, bàbá ti di olóògbé, wọ́n wá bá ìwé ọjọ́ ìbí kan níbẹ̀ tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, 1931 ni ọdún tó wà lórí ẹ̀, wọ́n sì kọ "Kétou, Dahomey" síbi tí wọ́n ti bí bàbá. Ìyá wọn ní òótọ́ ni o, Kétu ni bàbá ti wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ pe bàbá ní ará Dàhọ̀mì lójú ẹ̀, inú máa ń bí i gidi gan-an. Ohun tí wọ́n wá fẹ́ mọ̀ ni pé orílẹ̀-èdè wo ni Dahomey yìí, ṣé òun náà ni Benin òní, kí ló dé tí wọ́n pa orúkọ dà, kí ló ń bí bàbá nínú, àti pé kí ni káwọn kọ sínú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ní káwọn kọ ìlú baba ìyá àwọn sí.

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, ẹ sì ṣé tẹ́ ò ju ìwé yẹn nù, torí ọ̀pọ̀ ilé ló ti fi irú ẹ̀ dáná. Ìdáhùn kúkúrú ni pé bẹ́ẹ̀ ni, Dahomey inú ìwé yẹn ni orílẹ̀-èdè Benin tòní, èyí tí Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà nínú ẹ̀, kì í ṣe Ìbìnnì tí Ọba Ẹdó wà o. Ṣùgbọ́n tí mo bá dúró síbẹ̀ mo ti tàn yín jẹ nìyẹn, torí ilẹ̀ mẹ́ta tí ò jọra ló ti jẹ́ orúkọ Dahomey yìí, ọdún tẹ́ ẹ bá rí lára ìwé ló máa sọ èwo nínú wọn ni. Ó dà bíi ṣòkòtò tí wọ́n rán fún ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n wá ní kí gbogbo ilé máa wọ̀, tó fi mọ́ àwọn tí onítọ̀hún ti nà rí. Ibẹ̀ gan-an ni ìbínú bàbá yín ti wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tí wọ́n rán ṣòkòtò fún. Dàhọ̀mì àkọ́kọ́ ni ìjọba àwọn Fọ̀n tí olú ìlú wọn jẹ́ Àgbómẹ̀. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló bẹ̀rẹ̀, ibi kékeré sì ni, kò tíì dé etí òkun rárá. Ìtàn táwọn Fọ̀n fúnra wọn ń sọ nípa orúkọ náà ni pé ọba wọn kan ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀ kan tó ń jẹ́ Dan, ó ń tọrọ ṣáá, títí ọ̀rọ̀ fi sú Dan tó ní ṣé wàá wá kọ́lé sínú ikùn mi ni, ni ọba bá pa á, ó sì kọ́ ààfin lé e lórí. Dan ni orúkọ ẹni yẹn, xo ni ikùn, mɛ ni inú, ìyẹn Danxomɛ, inú ikùn Dan. Àwọn onímọ̀ kan ò gba ìtàn yìí bó ṣe rí, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára ni pé ìjọba tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé orí òkú onílẹ̀ lòun kọ́lé sí kò fi irú ẹni tóun jẹ́ pamọ́ fáwọn aládùúgbò ẹ̀.

Ìgbà Ọba Agaja ni wọ́n wá gbòòrò, wọ́n gba Alada ní 1724, wọ́n gba Wídà ní 1727, wọ́n sì dé ibi tí ọkọ̀ òkun àwọn òyìnbó ti ń kó ẹrú. Kó má di pé ẹ rò pé wọ́n lágbára ju gbogbo ayé lọ, Ọ̀yọ́ fi àwọn ẹlẹ́ṣin wọn kọlù wọ́n léraléra, láti 1730 sì ni Dàhọ̀mì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, ó tó bíi àádọ́rùn-ún ọdún, kó tó di pé Gezo ọba wọn jáwọ́ ní nǹkan bí 1823 nígbà tí Ọ̀yọ́ ti ń túká. Ẹ rántí èyí dáadáa, torí bí Ọ̀yọ́ ṣe wó báyìí ni ojú Dàhọ̀mì yí sápá ibi tiwa.

Ibí yìí ló kan ilé yín. Gezo kó ogun wá sí Abẹ́òkúta ní March 1851, wọ́n sì lé e padà. Ìtàn tí wọ́n ṣì ń sọ l'Abẹ́òkúta ni pé ìgbà tí wọ́n ń yẹ òkú wò lẹ́yìn ogun ni àwọn Ẹ̀gbá tó rí i pé obìnrin ni púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun tó ń gun odi bọ̀, ìyẹn tún bí wọn nínú sí i. Glele ọmọ Gezo tún wá ní March 1864, wọ́n tún lù ú padà. Abẹ́òkúta ní odi, ó ní ìbọn, ó ní èèyàn, ó sì ní àpáta. Kétu ò rí bẹ́ẹ̀. Kétu ní odi àti yàrà, ó ní ẹnubodè Àkábà Ìdénà tí wọ́n mọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ní 1886 àwọn ọmọ ogun Glele sàga tì í títí tí ebi fi wọ ìlú, wọ́n wọlé, wọ́n dáná sun ún, wọ́n kó àwọn èèyàn tó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ìlú dahoro. Lẹ́yìn táwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù tó rí ọ̀nà padà wálé, tí wọ́n wá ń ro ibi tí ilé bàbá wọn wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀. 1931 ni wọ́n bí bàbá yín, ọdún márùndínláàádọ́ta péré lẹ́yìn tí Kétu jóná. Ìyẹn ni pé àwọn tó gbé bàbá jó nígbà tó wà ní ìkókó, ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn ti fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí Àgbómẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Akọ̀wé Faransé kan wá jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó béèrè orúkọ ọmọ, ó kọ Kétou, ó fi kọ́mà sí i, ó kọ Dahomey. Lójú ẹni tó ń kọ̀wé, orúkọ kóló, ìyẹn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, lásán ni. Lójú àwọn tó gbé ọmọ wá, orúkọ àwọn tó sun wọ́n nílé ni. Mo ti bá àwọn àgbà Kétu àti Ṣábẹ sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tẹ́ ẹ bá sọ Dàhọ̀mì fún wọn ogun lẹ sọ yẹn, ẹ ò tíì sọ orílẹ̀-èdè kankan. Nítorí náà bàbá yín ò ṣagídí, bàbá mọ ìtàn ni.

Báwo wá ni orúkọ ọ̀tá ṣe di orúkọ gbogbo wọn? Faransé ni, ó sì yani lẹ́nu pé kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Kí wọ́n tó ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, etí òkun nìkan ni wọ́n wà, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu àtàwọn ìlú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe ibẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Faransé tó wà ní Gọ́ọ̀fù Bénin, torí bí àwọn òyìnbó ṣe ń pe apá òkun yẹn láti ayé àwọn Potogí nìyẹn. Àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: sítáǹpù ilẹ̀ yẹn ní 1893, "Golfe de Bénin" ló wà lára ẹ̀, ìgbà tó di 1894 "Bénin" lásán. Ṣé ẹ rí i, Bénin ti wà lára lẹ́tà ṣáájú Dahomey. Ìgbà tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, ti wá ja Behanzin ọmọ Glele lógun títí, tí Behanzin dáná sun ààfin ara ẹ̀ ní November 1892 kí Faransé má bàa bá a níbẹ̀, tó wá jọ̀wọ́ ara ẹ̀ ní January 1894, tí wọ́n gbé e lọ sí Martinique, tó padà kú sí Algiers ní 1906, orúkọ ìjọba ẹ̀ ti wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn ní Paris, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Ní June 1894 wọ́n fi orúkọ yẹn pe gbogbo kóló náà. Wọ́n ṣẹ́gun onílé tán, wọ́n wá kọ orúkọ ẹ̀ sára gbogbo ohun tí wọ́n kó.

Dahomey kejì nìyẹn, ó sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Àjàṣẹ́ tó jẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ wà nínú ẹ̀, àwọn ìlú Yorùbá bíi Kétu, Ṣábẹ, Ìdáàṣà, Ìpóbẹ̀ àti Ìṣàkẹ́tẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé Nikki àwọn Bàrìbá lókè lọ́hùn-ún tí ọba Àgbómẹ̀ ò fìgbà kan jọba lé rí. Ààlà tó wá là yín sí méjì, 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti pín in, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọjá ààlà wá sápá ìhín lẹ́yìn náà nítorí iṣẹ́ tipátipá, owó orí, àti kíkó ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ sójà àwọn Faransé, kò ní yà mí lẹ́nu tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá ṣe gbé ìwé yẹn dé Ìmẹ̀kọ.

Ní gbogbo àsìkò yìí orúkọ náà ti ń rìn kiri ayé, ó sì ń túmọ̀ sí nǹkan míì níbi tó bá dé. Ní 1893 níbi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Chicago, wọ́n kọ́ abúlé kan tí wọ́n pè ní Dahomey Village, wọ́n kó èèyàn dúdú síbẹ̀ káwọn èèyàn máa sanwó wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹran inú ọgbà. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ẹ̀, 1903, àwọn òṣèré dúdú Amẹ́ríkà, Bert Williams àti George Walker, gbé eré olórin kan tó ń jẹ́ In Dahomey wá sí Broadway, àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ ọ́, àwọn náà ló ṣe é, irú ẹ̀ ò tíì wáyé rí ní tíátà ńlá níbẹ̀, wọ́n sì gbé e dé London. Àwọn yìí ò dé Àgbómẹ̀ rí o, ṣùgbọ́n fún wọn orúkọ yẹn ni Áfíríkà fúnra ẹ̀. Mi ò lè da ìyẹn pọ̀ mọ́ tàwọn aláfihàn Chicago, ọ̀rọ̀ kan náà ni àmọ́ ọkàn tí wọ́n fi pè é yàtọ̀.

Nílé wa níbí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ńkọ́? Láàárín àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, "Dahoméen" túmọ̀ sí akọ̀wé àti tíṣà, torí ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ti gbèrú, wọ́n ń kó wọn lọ sí Ivory Coast, Niger àti ibòmíì láti lọ jókòó sọ́fíìsì. Ó wá di pé àwọn onílẹ̀ ń wò wọ́n bí ẹni tó wá gba iṣẹ́ àwọn. Ní October 1958 wọ́n kọlù wọ́n l'Abidjan, wọ́n lé ọ̀pọ̀ wọn wálé pẹ̀lú àwọn ará Tógò, ìgbà tó di òpin 1963 Niger náà lé wọn. Ọmọ Ànàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá, láti Kétu tó lọ ṣíṣẹ́ l'Abidjan jẹ ìyà Dahoméen gẹ́gẹ́ bí ọmọ Fọ̀n, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé Dàhọ̀mì lo fẹ́ kí wọ́n máa pè ẹ́.

Dahomey kẹta ni orílẹ̀-èdè olómìnira, August 1, 1960, Hubert Maga ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ilẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti kóló, ṣùgbọ́n ó ti di tara wọn. Orin orílẹ̀-èdè wọn sọ pé kí àwọn ọmọ Dahomey dìde. Wọ́n dìde lóòótọ́, àmọ́ ìyànnà-yànnà ni wọ́n dìde sí, torí Maga ti apá àríwá ni, Apithy ti Àjàṣẹ́ ni, Ahomadégbé sì wá láti ìdílé ọba Àgbómẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àwọn èèyàn ẹ̀ lẹ́yìn. Sójà gbàjọba ní 1963, wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mejì ní 1965, wọ́n gbà á ní 1967, ní 1969, títí dé ìgbà tí wọ́n ní káwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa fi ipò ààrẹ yí po láàárín ara wọn láti 1970. Ẹ fojú inú wò ó, orílẹ̀-èdè tí ẹ̀yà mẹ́ta ń jà lórí ẹ̀, orúkọ tó wá ń jẹ́, ti ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà ni.

Mathieu Kérékou, sójà láti apá àríwá, gbàjọba ní October 26, 1972. Ní November 30, 1974 ó lọ sí Àgbómẹ̀ gan-an, ó kéde níbẹ̀ pé ọ̀nà Marx àti Lenin làwọn máa tọ̀, nígbà tó pé ọdún kan géérégé, November 30, 1975, ó pa orúkọ orílẹ̀-èdè dà sí Orílẹ̀-èdè Bénin ti Ará Ìlú. Ìdí ẹ̀ ni pé Dàhọ̀mì jẹ́ orúkọ ìjọba kan ṣoṣo ní gúúsù, òkun Bénin tó wà níwájú wọn ò sì jẹ́ ti ẹ̀yà kankan nínú wọn. Wọ́n yọ Dahomey kúrò nínú orin, wọ́n fi Bénin sí i, ìyókù orin ò yí padà. Mo mọ àwọn tó ń bú Kérékou lórí ohun púpọ̀, èmi náà ò gbè é lẹ́yìn lórí àwọn tó jù sẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n lórí orúkọ yìí mo gbà pé ohun tó tọ́ ló ṣe. Ẹ̀rí mi nìyí: nígbà tí ìpàdé àpérò gbogbogbò fọ́ ìjọba ẹ̀ ní February 1990, wọ́n dá àsíá àtijọ́ padà, wọ́n ju ọ̀rọ̀ Marx sẹ́yìn, wọ́n gé "ti Ará Ìlú" kúrò, ní March 1 ó di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bénin, wọ́n sì fi Bénin sílẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo nǹkan tó kù ni wọ́n yẹ̀ wò, orúkọ Dahomey nìkan ni wọn ò gbé padà.

Àbùkù tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n sá fún orúkọ aládùúgbò kan, wọ́n wá lọ yá ti aládùúgbò míì. Òkun yẹn fúnra ẹ̀, Ìbìnnì ìlú Ọba ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Ìbìnnì sì wà ní Nàìjíríà. Kódà ìlú Ìbìnnì náà ti fìgbà kan jẹ́ Orílẹ̀-èdè Benin ṣáájú wọn: September 1967 nígbà ogun Biafra, wọ́n kéde Midwest ní Republic of Benin, kò lò tó ọjọ́ méjì tí sójà ìjọba àpapọ̀ fi wọ ìlú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Nàìjíríà fi gbọ́dọ̀ máa sọ Benin Republic kí wọ́n tó mọ èyí tó ń wí.

Orúkọ àtijọ́ náà ò sì kú o. Àwọn tó ń wá bitumen ní Àgbábù ìpínlẹ̀ Oǹdó, Dahomey Basin ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́, torí òkúta abẹ́ ilẹ̀ kan náà ló ti Ghana wá gba Tógò àti Benin dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ń kọ́ nípa igbó ń pe ibi tí ọ̀dàn ti gé igbó kìjikìji sí méjì ní Dahomey Gap. Ní lábù àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì l'Óyìnbó, irú eṣinṣin kékeré kan tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ń jẹ́ Dahomey, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o ní 1970, wọ́n sì ń tọ́jú àtìrandíran ẹ̀ títí dòní. Ní Cuba, nínú àwọn Arará, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Arará Dajomé, àwọn babańlá wọn ló gbé orúkọ yẹn wọ ọkọ̀ ẹrú, àwọn yẹn sì ní ẹ̀tọ́ sí i ju akọ̀wé Faransé yẹn lọ.

Nílé Benin fúnra ẹ̀, orúkọ náà tún ti ń padà wá gẹ́gẹ́ bí ohun àmúyangàn. November 2021 ni Faransé dá ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n padà nínú àwọn ohun tí Dodds kó láàfin, àwọn ìtẹ́ àti ère Gezo, Glele àti Behanzin wà nínú wọn, àwọn èèyàn sì tò lọ wò wọ́n. July 2022 wọ́n ṣí ère ológun obìnrin Dàhọ̀mì kan sí Kútọnu, ó ga tó mítà ọgbọ̀n. Inú mi dùn sí àwọn ohun tó padà wálé, olè ni wọ́n jà. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo ère yẹn kí n má rántí Kétu, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ apá tiwa náà fáwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ wò ó.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ní kẹ́ ẹ da ohun tó wà nínú ìwé kọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, Kétou, Dahomey, ẹ má tún un ṣe, torí tí orúkọ inú fọ́ọ̀mù ò bá bá ti ìwé mu wọ́n lè dá a padà fún yín. Tó bá jẹ́ pé ibi tí bàbá ti wá ni wọ́n béèrè, ẹ kọ Kétou, Benin Republic, ẹ má kọ Benin nìkan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ìwé míì nípa bàbá, ilé àkójọ ìwé ìjọba wọn wà l'Àjàṣẹ́, ti kóló tó wà ní Faransé wà ní ìlú Aix-en-Provence, Dahomey ni kẹ́ ẹ béèrè nílé méjèèjì fún ohunkóhun tó bá ṣáájú 1975, tẹ́ ẹ bá ní Bénin wọ́n lè ní kò sí. Ẹ sì fi "Kétou" wá a, kì í ṣe Kétu, torí bí Faransé ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ń kọ ìtàn ìdílé fáwọn ọmọ yín, níbẹ̀ ẹ ò nílò Dahomey tàbí Benin, ẹ kọ pé ọmọ Kétu ni.